Àkókó Aláyà-Osùn

Hezekiah Oyèdélé kì bá tí dé inú igbó náà bí kì í bá ṣe pé òyìnbó kan pè é ní òpùrọ́.

Tíṣà ni Hezekiah, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ kan ní Àrẹ̀mọ, ní ìlú Ìbàdàn. Ọdún 1909 là ń wí yìí, ọdún kẹjọ tí ọkọ̀ ojú irin wọ ìlú. Kò tíì pé ẹni ọdún márùndínlógójì nígbà náà. Ọkùnrin gíga tín-ín-rín ni, tí kì í tètè bínú, tí kì í sì í jiyàn, ṣùgbọ́n bí ẹyẹ bá ké níbìkan, ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ á gé. Ó ní ìwé kan tó ń kọ orúkọ ẹyẹ sí, ibi tó ti rí i, ọjọ́ tó rí i, àti bó ṣe ń ké. Louisa ìyàwó rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Bí ẹyẹ bá fò kọjá nígbà tí ẹ bá ń gbàdúrà, Olúwa á ní láti dúró dè yín ná."

Òyìnbó tí mo wí yìí ń gbé nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa yìnbọn pa ẹyẹ, kó bó awọ wọn, kó ki òwú bọ̀ ọ́ nínú, kó sì fi ránṣẹ́ sí ilé ńlá kan ní London níbi tí wọ́n ń kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jọ sí. Hezekiah a máa lọ bá a lọ́jọ́ Sátidé, á sọ orúkọ tí Yorùbá ń pe ẹyẹ kọ̀ọ̀kan fún un. Lọ́jọ́ kan, ó ṣí ìwé òyìnbó náà dé ibi tí wọ́n ya àwọn àkókó sí, ó wò ó títí, ó wá béèrè pé èwo ni àkókó aláyà-osùn níbẹ̀.

"Àkókó wo nìyẹn?" ni òyìnbó bi í.

Hezekiah ṣàlàyé. Àkókó lásán kò wọ́n, kò sí oko tí ènìyàn kò ti lè gbọ́ ọ níbi tó ti ń sọ igi. Ṣùgbọ́n èyí tí bàbá òun fi han òun nígbà tí òun wà ní kékeré tóbi ju ìyókù lọ, láti igbáàyà dé ikùn rẹ̀ sì pupa bí ẹni fi osùn kùn ún. Òyìnbó mi orí. Ó ní irú rẹ̀ ń bẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní ìhà ibí, ibi tó jìnnà réré ni wọ́n ti ń rí i. Hezekiah ní ojú òun báyìí ni òun fi rí i. Òyìnbó bú sẹ́rìn-ín, ó pa ìwé dé.

"Tíṣà," ó ní, "ẹ̀yin ará ibí, ohun tó bá wù yín láti rí lẹ máa ń rí."

Ọ̀rọ̀ náà há Hezekiah lọ́kàn bí egungun ẹja ṣe ń há ọ̀fun. Gbogbo ohun tó sọ kò ju pé kí òyìnbó yá òun ní ìbọn kékeré tí ọta rẹ̀ wẹẹrẹ, òun yóò mú ẹyẹ náà wá bá a. Òyìnbó sì yá a.

Ó kù ibi tí yóò ti wá a. Oko ti jẹ igbó jìnnà sí ìlú, kòkó ni gbogbo ènìyàn ń gbìn, àwọn ọdẹ àtijọ́ sì ti ń kú tán. Ìsọ̀ obìnrin kan ní Ọjà'ba ni ọ̀nà ti là fún un.

Kúlúsúmù ni orúkọ obìnrin náà, osùn àti ọṣẹ dúdú ló ń tà nísàlẹ̀ òkè Màpó. Hezekiah lọ ra ọṣẹ fún Louisa, ó rí osùn tí wọ́n lọ̀ sórí ewé, ó sì sọ láìronú pé, "Bí àyà ẹyẹ yẹn ṣe rí gan-an nìyí."

"Ẹyẹ wo, Tíṣà?"

Ó sọ fún un. Kúlúsúmù pàtẹ́wọ́. "Bàbá mi pa irú rẹ̀ rí! Mo kéré púpọ̀, ṣùgbọ́n mo rántí ìyẹ́ pupa yẹn. Wọ́n fi há mi nírun."

"Bàbá yín ṣì wà láàyè?"

"Àlìámúdù lílàhì, wọ́n wà. Àwọn nìkan ni mo ní. Ìgbóná ló pa ìyá mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún márùn-ún. Ẹ wá sílé lọ́la, ẹ ó bá wọn."

Àkíbù ni bàbá náà ń jẹ́. Ìsàlẹ̀ Òsì ni agbo ilé wọn wà. Ọdẹ àtijọ́ ni, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ó sì ń tiro díẹ̀ nítorí ọta tó bà á lẹ́sẹ̀ lójú ogun Kírìjì. Ènìyàn iyì ni ládùúgbò. Bí tọkọtaya bá ń jà, iwájú rẹ̀ ni wọ́n ń kó wọn wá, nítorí gbogbo ènìyàn ló mọ ohun tó ṣe nígbà tí ìgbóná mú ìyàwó rẹ̀. Láyé ìgbà náà, inú igbó ni wọ́n ń gbé ẹni tí ìgbóná bá mú lọ, kó má baà ran ará ilé, ọ̀pọ̀ ló sì jẹ́ pé wọ́n á kàn gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún un lókèèrè ni. Àkíbù kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ó bá ìyàwó rẹ̀ gbé inú igbó fún ọjọ́ méje, ó ń fún un lómi mu, títí obìnrin náà fi kú, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ sin ín.

"Ẹyẹ yẹn ti tán," ni Àkíbù wí nígbà tí Hezekiah sọ ohun tó bá wá. "Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn."

Kúlúsúmù kúnlẹ̀. "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn wá a. Èmi ni mo ṣèlérí fún wọn."

Bàbá náà fà á dìde. Ó hàn pé kò sí ohun tí obìnrin yìí lè tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò ní ṣe. "Ó dáa," ó ní. "Ṣùgbọ́n ibi tí mo bá ní ká gbà la ó gbà."

Ilé ẹ̀kọ́ ti gba ìsinmi ọdún Kérésìmesì. Ọyẹ́ ti dé, ewé ti ń wọ́, ìyẹn sì ni ìgbà tí àkókó máa ń sọ igi jù. Láàárọ̀ kùtù ni àwọn méjèèjì ń jáde lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú, wọ́n á la oko kòkó àti oko iṣu kọjá, títí wọ́n á fi kan igbó gidi. Àkíbù mọ igbó. Bó bá dé ìdí igi tó ti gbẹ, á fi etí lé e lára, á fi èékánná kàn án, á ní, "Kò sí kòkòrò nínú èyí. Àkókó kò ní wá síbí." Ó fi han Hezekiah bí ihò àkókó tuntun ṣe yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Tuntun, ẹnu rẹ̀ á mọ́, èérún igi á wà nílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ti àtijọ́, ọ̀kẹ́rẹ́ tàbí oyin á ti gbà á. Hezekiah kò kọ́kọ́ gba ti oyin gbọ́. Ó gun igi kan lọ wo inú ihò, ó sì fi ètè wíwú sọ̀kalẹ̀. Àkíbù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Wọ́n di ọ̀rẹ́ báyìí. Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fi wá ẹyẹ náà, àfi ọjọ́ Ìsinmi tí tíṣà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjọ́ Jímọ̀ tí bàbá kò jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ òun. Wọ́n rí àkókó wẹ́wẹ́ tí ẹ̀yìn wọn ní tótòtó, wọ́n rí aláwọ̀ eérú, wọn kò rí aláyà-osùn. Ohun kan wà tí Hezekiah ṣàkíyèsí. Odò kékeré kan wà níhà gúúsù tí Àkíbù kì í kọjá. Bí wọ́n bá ti dé etí rẹ̀, á yà sọ́tùn-ún tàbí sósì.

"Kí ló wà lọ́hùn-ún, Bàbá?"

"Ibi tí wọ́n ń gbé àwọn tí ìgbóná mú lọ láyé ogun nìyẹn. Itẹ́ òkú ni. A kì í dé ibẹ̀."

Hezekiah rò pé ibẹ̀ ni Àkíbù sin ìyàwó rẹ̀ sí, ojú sì tì í pé òun béèrè.

Lọ́jọ́ kọkànlá, nígbà tí oòrùn fẹ́ẹ̀ kan àtàrí, wọ́n jókòó létí odò náà, wọ́n ń jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà tí Louisa dì fún wọn. Ìró kan ti òdìkejì wá. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ti ń gbọ́ láti ọjọ́ yìí. Ó wúwo, bí ẹni ń fi òòlù kan ilẹ̀kùn. Ó rọra bẹ̀rẹ̀, ó yára, ó sì dá lójijì.

Hezekiah fò dìde. "Òun nìyẹn! Bàbá, ẹ ò gbọ́ ni?"

"Mo gbọ́ ọ. Jẹ́ kó wà níbẹ̀."

"Kó wà níbẹ̀ kẹ̀?"

"Tíṣà, mo ti sọ fún ọ pé òkú ló wà lọ́hùn-ún."

"Òkú kì í ṣe èèyàn ní nǹkan, Bàbá. Ẹ jókòó síbí, n ó tètè dé."

Àkíbù gbá a lápá mú. Hezekiah rò pé ìbẹ̀rù òkú lásán ni. Ó rọra bọ́ ọwọ́ náà kúrò, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó la odò kọjá. Omi náà kò ju orúnkún lọ.

Ibojì ló rò pé òun yóò bá. Oko ló bá. Oko tó mọ́ tónítóní ni, iṣu àti ẹ̀gẹ́ wà nínú rẹ̀, ata pọ́n lẹ́bàá ọ̀nà, igi ńlá mẹ́fà tàbí méje sì dúró gbagidi láàárín rẹ̀. Ẹnìkan ti finá sí wọn nídìí nítorí pé agbára rẹ̀ kò ká a láti gé wọn, wọ́n sì ti gbẹ lóòró. Èéfín ń rú lẹ́yìn ahéré kan. Ṣùgbọ́n Hezekiah kò rí gbogbo èyí dáadáa, nítorí pé ẹyẹ náà wà lára igi tó súnmọ́ ọn jù.

Ó tóbi ju bó ṣe rántí rẹ̀ lọ. Àtàrí rẹ̀ pupa, ojú rẹ̀ funfun pẹ̀lú ìlà dúdú méjì, igbáàyà rẹ̀ sì pọ́n fòò nínú oòrùn. Ó fi ìrù ti ara rẹ̀ mọ́ igi, ó gbé orí sẹ́yìn, ó sì tún kàn án. Omi gba ojú Hezekiah. Ó tó kó wò ó, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì padà. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín òyìnbó yẹn ló ń dún létí rẹ̀. Ó gbé ìbọn, ó yìn ín.

Ẹyẹ náà jábọ́ sáàárín ewé iṣu. Nígbà tó gbé e, ara rẹ̀ ṣì lọ́ wọ́rọ́wọ́.

"Ta ló ń yìnbọn lóko mi?"

Obìnrin kan ti jáde láti ẹ̀yìn ahéré, ọkọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Yóò tó bí ẹni àádọ́ta ọdún. Àpá ìgbóná kún ojú rẹ̀ débi pé kò sí ibi tí èèyàn lè fi ìka lé tí kò jin kòtò, ojú rẹ̀ òsì sì ti fọ́. Ọ̀rọ̀ àkúdàáyà tó ti gbọ́ láti kékeré, àwọn òkú tó ń gbé ibòmíràn bí alààyè, sáré wá sí i lọ́kàn kó tó rántí pé Kìrìsìtẹ́nì lòun.

"Ẹ má bínú, Ìyá. Mi ò mọ̀ pé oko olóko ni."

"Kí lẹ pa?"

Ó na ẹyẹ náà sí i. Obìnrin náà gbà á, ó yí i padà. "Akọ ni," ó ní. "Abo rẹ̀ wà nínú ihò tó wà lókè yẹn, ó ń sàba. Àwọn méjèèjì ló ń sàba, bí ọ̀kan bá lọ jẹun, èkejì á gbà á fún un. Ta ni yóò máa gbà á fún un báyìí?"

Hezekiah gbójú sókè wo ihò náà.

"Tíṣà! Tíṣà o!" Ohùn Àkíbù ló ń bọ̀ láti etí odò, ó ń fi ẹsẹ̀ títiro sáré. Ó ti gbọ́ ìró ìbọn, ó rò pé nǹkan ti ṣe tíṣà náà. "Tíṣà, ṣé kò sí—"

Ó yọ láàárín ẹ̀gẹ́, ó sì dúró bí ẹni kan ògiri. Kò wo Hezekiah. Obìnrin náà ló ń wò. Ìbọn ṣakabùlà tó gbé kọ́ èjìká yọ́ bọ́ sílẹ̀, kò sì bẹ̀rẹ̀ mú un. Lẹ́yìn èyí ló wá ń ka "Láà iláhà illàlláhù" wúyẹ́wúyẹ́, léraléra.

Obìnrin náà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "O ti darúgbó, Àkíbù," ó ní.

Hezekiah ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. "Bàbá, ṣé ẹ mọ ara yín ni?"

"Ọkọ mi ni," ni obìnrin náà dáhùn. "Sìdí lorúkọ mi. Wọ́n á ti sọ fún yín pé ó sin mí síbí."

Hezekiah wojú Àkíbù, ó retí kó sọ pé irọ́ ni, kó sọ pé wèrè ni obìnrin yìí. Àkíbù ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ó gbé mi débí lóòótọ́," ni Sìdí ń wí, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń sọ ìtàn ẹlòmíràn. "Lọ́jọ́ kejì, ó ní òun ń lọ pọnmi. Odò nìyẹn, ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣàn. Kò padà. Èmi fúnra mi ni mo rá pálá dé ibẹ̀. Mo mu omi, mo jẹ èso tó bọ́ sílẹ̀, mo sùn, mo jí. Nígbà tí ara mi le, mo forí lé ilé. Mo pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà oko rẹ̀, òun nìkan. Ó na ìbọn sí mi. Ó ní kí n padà, pé ará ilé ti fi mí sínú òkú, bí wọ́n bá fojú kàn mí wọ́n á sọ mí lókùúta. Mo ní kó kàn gbé ọmọ mi fún mi. Ó ní ọmọ ti kú. Ó ní ìgbóná tí mo gbé wọlé ló pa á. Ni mo bá padà. Ilé ta ni mo tún fẹ́ lọ?"

"Ìyá," ni Hezekiah wí. "Ọmọ wo?"

"Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí. Kúlúsúmù."

Hezekiah yíjú sí Àkíbù. Bàbá náà fi ọwọ́ méjèèjì bo orí bí ẹni tí wọ́n fẹ́ lù.

"Ìyá, Kúlúsúmù kò kú. Àná ni mo rí i ní Ọjà'ba. Òun ló ní kí bàbá rẹ̀ mú mi wá sínú igbó."

Sìdí dúró níbi tó wà, ó di ẹyẹ náà mú, ìka rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìyẹ́ rẹ̀ tu lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyẹ́ pupa ń jábọ́ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Hezekiah rí i pé awọ tí òun fẹ́ mú lọ fún òyìnbó ń bàjẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà, ó sì jẹ́ kó máa tu ú.

"Sọ ọ́," ni Sìdí wí fún ọkọ rẹ̀. "Sọ ọ́ kí n gbọ́."

"Mo lọ pọnmi lóòótọ́," ni Àkíbù wí, ó ń wo ilẹ̀. "Mo bẹ̀rẹ̀ sí omi, mo fọwọ́ kan ọrùn mi, mo kan kókó kan. Mo ní ó ti mú èmi náà. Mo sá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ mo rí i pé ẹ̀fọn ló jẹ mí. Mo fẹ́ padà, ẹ̀rù bà mí pé o ti kú. Ọjọ́ kejì, ojú tì mí pé o lè má tíì kú. Mo fara pamọ́ sí ahéré títí ọjọ́ fi pé méje. Nígbà tí mo délé, mo ní mo ti sin ọ́. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún mi, Sìdí. Àgbààgbà dọ̀bálẹ̀ fún mi. Nígbà tí mo tún rí ọ lójú ọ̀nà... N kò lè dá a padà mọ́."

"Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ni o fi sọ ọmọ mi di òkú fún mi."

"Mo tọ́jú rẹ̀. Ọlọ́run ló jẹ́rìí mi, mo tọ́jú rẹ̀."

Sìdí yí ẹ̀yìn sí i. Ó bi Hezekiah pé, "Ó ti bímọ?"

"Mẹ́rin, Ìyá."

Sìdí jókòó sórí ebè, ẹyẹ tó ti tu dé ìdajì wà lórí itan rẹ̀. "Ẹ má mú un wá," ó ní. "Kí ló fẹ́ wá rí? Ojú yìí?" Kó tó pẹ́ ó tún ní, "Ṣé lọ́la lẹ ó mú un wá?"

Lọ́nà ilé, Àkíbù ń tẹ̀lé Hezekiah lẹ́yìn, ó ń bẹ̀ ẹ́. Ó ní kó jẹ́ kí òun kú ná. Ó ní kò lè pẹ́ mọ́, ọdún méjì, ọdún mẹ́ta, kó wá sọ fún ọmọ náà nígbà náà. Hezekiah ń gbọ́, kò dúró. Ìbínú kọ́ ló ń ṣe é. Ṣe ló dà bí ẹni pé ilẹ̀ tó ń tẹ̀ kò le mọ́. Ọkùnrin yìí bá a jẹun fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ó kọ́ ọ ní gbogbo ohun tó mọ̀. Ó sì sáré wọ ibi tó bẹ̀rù jù láyé nítorí pé ó rò pé ọta ti ba Hezekiah.

Kúlúsúmù ń palẹ̀ ọjà mọ́ nígbà tó rí wọn. "Tíṣà, ẹ rí i?"

"Mo rí i."

"Ẹ kú oríire o! Mo sọ fún yín pé bàbá mi—"

"Kúlúsúmù, mo rí ìyá yín pẹ̀lú. Wọ́n wà láàyè."

Ẹ̀rín ṣì wà lójú Kúlúsúmù fún ìgbà díẹ̀, bí iná tí wọ́n ti yọ igi lábẹ́ rẹ̀. "Tíṣà, a kì í fi òkú ìyá ẹni ṣeré."

"Mo fi Bíbélì búra. Sìdí lorúkọ wọn. Wọ́n ní oko lẹ́yìn odò."

Ó wo ẹ̀yìn Hezekiah, ibi tí bàbá rẹ̀ dúró sí. "Bàbá mi?" ó ní. "Bàbá mi, ẹ dá wọn lóhùn." Bàbá rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Àwọn obìnrin ìsọ̀ tó wà nítòsí súnmọ́ wọn. Kúlúsúmù tún pè é lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn rẹ̀ ti di ti ọmọdé. Nígbà tí Àkíbù fi orúnkún kúnlẹ̀ sílẹ̀ níwájú ọmọ tó bí, láàárín ọjà, kò sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè bóyá òótọ́ ni. Igbá osùn bọ́ lọ́wọ́ Kúlúsúmù. Ó fẹ́ máa lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, láìwọ bàtà. Ìgbà tí wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ lásán kò lè dá a dúró ni Hezekiah fà á lọ́wọ́ lọ bá Louisa, ilé wọn ló sì wà títí ilẹ̀ fi mọ́. Kò sunkún. Ó ń bi Louisa léraléra pé, "Báwo lèèyàn ṣe ń kí ìyá ẹni?"

Ọjọ́ Ìsinmi ni ọjọ́ kejì. Tíṣà kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí wọ́n dé etí odò, Sìdí ti dúró ní òdìkejì, ó ti wẹ̀, ó sì fi ìborùn bo ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó hàn pé ó ti pẹ́ níbẹ̀. Kúlúsúmù dúró ní ìhà tirẹ̀. Omi orúnkún ló wà láàárín wọn, àwọn méjèèjì kò lè wọ̀ ọ́.

"Wọ́n ní ọmọ mẹ́rin lo ní," ni ìyá wí nígbẹ̀yìn.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ọkùnrin méjì, obìnrin méjì. Obìnrin àkọ́kọ́, Sìdí ni mo sọ ọ́."

Ìborùn bọ́ sílẹ̀. Ta ló kọ́kọ́ wọ omi nínú wọn, Hezekiah kò lè sọ, nítorí ó ti yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Òyìnbó gba ìbọn rẹ̀ padà, ó béèrè ẹyẹ. Hezekiah ní òun rí i, òun pa á, kò sì sí lọ́wọ́ òun. Òyìnbó rẹ́rìn-ín bí ti tẹ́lẹ̀. Ó ya Hezekiah fúnra rẹ̀ lẹ́nu pé ẹ̀rín náà kò dùn ún mọ́. Ohun tó ń dùn ún ni abo ẹyẹ tó kù lára igi, tó ń dá nìkan wá oúnjẹ. Ọmọ kan ṣoṣo ló là nínú ìtẹ́ náà. Ó kọ èyí náà sínú ìwé rẹ̀.

Ní Ìsàlẹ̀ Òsì, kò sẹ́ni tó tún kó tọkọtaya wá síwájú Àkíbù mọ́. Kúlúsúmù ń gbé oúnjẹ fún un láàárọ̀ àti lálẹ́, ó ń fọ aṣọ rẹ̀, ó sì ń kúnlẹ̀ kí i bí ọmọ ṣe ń kí bàbá. Lẹ́yìn ìkíni yẹn, kò tún bá a sọ ohunkóhun. Bàbá náà sọ fún Hezekiah lọ́jọ́ kan pé ì bá sàn kó máa bú òun.

Ó tó oṣù mẹ́rin kí Sìdí tó gbà láti wọ ìlú. Ọ̀sán gangan ni, Kúlúsúmù dì í lọ́wọ́ mú, Hezekiah sì ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ iṣu. Wọ́n dé Bẹẹrẹ láìsí wàhálà. Ibẹ̀ ni ìyá àgbàlagbà kan ti ń bọ̀ níwájú, ó ru igi ìdáná. Ìyàwó ilé wọn ni, òun àti Sìdí jọ wọlé ọkọ lọ́dún kan náà. Ó ti gbọ́ ìròyìn náà, ṣùgbọ́n kò gbà á gbọ́. Ó gbójú sókè, igi sì yọ́ kúrò lórí rẹ̀, ó wó lulẹ̀.

"Àkúdàáyà! Ẹ gbà mí o, àkúdàáyà!"

Ó sá. Àwọn ènìyàn yà sọ́tùn-ún sósì, igbá ẹ̀wà ẹnìkan dànù, àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Sìdí fẹ́ yí padà. Kúlúsúmù kò jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ìyá náà dé ibi ògiri kan, ó fara tì í, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó tún wò wọ́n. Kò sí ohun tó yí padà: obìnrin kan tí ojú rẹ̀ kún fún àpá, tí ọmọ rẹ̀ dì mú, tí ẹ̀rù ń bà ju tirẹ̀ lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dúró níwájú wọn. Ó na ọwọ́. Ó fi ìka kan kan apá Sìdí, ó tún fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án, ó wá fi í sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Ara rẹ gbóná," ó ní. "Sìdí, ara rẹ gbóná."

Ó jókòó sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, ó bú sẹ́kún. Sìdí bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ó ń bá a ṣa igi ìdáná rẹ̀ tó fọ́n ká sílẹ̀.